Kíkó ẹran ọ̀sìn lóòyẹ̀ lọ sókè òkun: kí ni wọ́n ń jà lé lórí, kí ló sì kàn wá ní Àbújá?

Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìròyìn méjì tẹ̀lé ara wọn dé orí WhatsApp àwa Yorùbá Àbújá. Èkínní ni pé ilé aṣòfin Ọsirélíà ti fọwọ́ sí òfin tí yóò fòpin sí kíkó àgùntàn lóòyẹ̀ gba orí òkun lọ sílẹ̀ òkèèrè. Èkejì ni pé Ààrẹ Tinubu dá ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tuntun sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn nìkan, wọ́n sì ń sọ pé Nàìjíríà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹran fún aráyé. Látìgbà náà ni ìbéèrè ò ti tán lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Kubwa, Lugbe àti Nyanya. Ṣé ohun tí òyìnbó ń sá fún ni àwa ń sáré lọ bá? Ṣé wọ́n ní ká má jẹ ẹran mọ́ ni? Àbí màálù tí a ò rówó rà ní Deidei yìí náà ni wọ́n fẹ́ kó lọ bá àwọn Lárúbáwá?

Ìbéèrè mẹ́ta yìí ò bára wọn tan, ṣùgbọ́n inú ìkòkò kan náà ni gbogbo èèyàn ń rò wọ́n sí. Ẹ jẹ́ ká tú wọn palẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní kíkó ẹran lóòyẹ̀?

Ọ̀nà méjì ni ẹran fi ń kúrò ní orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n lè pa á níbi tí wọ́n ti sìn ín, kí wọ́n gé e, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù, kí ọkọ̀ wá gbé e lọ. Wọ́n sì lè kó o lọ lóòyẹ̀, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọkọ̀, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ẹni tó rà á pa á tàbí kó máa sìn ín. Ọ̀nà kejì yìí ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ohun kejì tó yẹ ká mọ̀ ni ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn, ìyẹn bí nǹkan ṣe rọ ẹran lára sí láti ọjọ́ tí wọ́n bí i títí dọ́jọ́ tí wọ́n pa á. Ní ìlú Ọba, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba gbé kalẹ̀ ti jábọ̀ lórí rẹ̀ láti ọdún 1965. Nígbà tó fi máa di 1979, wọ́n ti to ọ̀rọ̀ náà sí ohun márùn-ún: kí ebi àti òǹgbẹ má pa ẹran, kí ibi tí wọ́n fi í sí má ni ín lára, kó má wà nínú ìrora, ọgbẹ́ tàbí àìsàn láìsí ìtọ́jú, kó ráyè ṣe ìṣe irú tirẹ̀, kí ẹ̀rù má máa já a. Ìlànà yìí ni àjọ WOAH, tó ń rí sí ìlera ẹranko lágbàáyé, tí Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀, ń tẹ̀lé.

Ẹ wò ó dáadáa, "ẹ má jẹ ẹran" ò sí nínú márààrún. Àwọn kan wà lóòótọ́ tí wọ́n gbà pé kò yẹ kéèyàn pa ẹran rárá, wọ́n sì máa ń wà nínú ìwọ́de, ṣùgbọ́n òfin Ọsirélíà kì í ṣe tiwọn. Àgùntàn nìkan ni òfin náà mẹ́nu bà, orí omi nìkan sì ni. Màálù wọn ṣì ń lọ sí Indonéṣíà lóòyẹ̀, Ọsirélíà sì wà lára àwọn tó ń ta ẹran àgùntàn pípa jù lọ láyé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òyìnbó ti fi ẹran sílẹ̀, kò ka ìròyìn náà tán.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú pa á kó tó lọ?

Iléyá jẹ́ ìdí kan. Ẹni tó fẹ́ pa àgbò lọ́jọ́ ọdún kò ní fi ẹran inú páálí ṣe é. Òmíràn ni pé àwọn ìlú mìíràn ò ní ẹ̀rọ amóhuntutù tó tó nǹkan, ẹran tó ń mí ò sì nílò fíríìjì. Àwọn kan ń ra tiwọn fún ìbísí: ọ̀pọ̀ màálù New Zealand tó lọ sí Ṣáínà, torí wàrà ni wọ́n ṣe rà wọ́n. Orílẹ̀-èdè tó ń rà á náà sì fẹ́ kí iṣẹ́ alápatà, awọ àti egungun kù sí ọwọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀.

Kí ló wá bàjẹ́?

Ooru ni, ju ohunkóhun mìíràn lọ.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ọkọ̀ Awassi Express kó àgùntàn tó lé ní 60,000 kúrò ní èbúté Fremantle ní Ọsirélíà, ó dorí kọ àwọn ìlú Lárúbáwá. Nǹkan bíi 2,400 ló kú lójú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà ti fi fóònù ká ohun tó rí nínú ìrìn àjò rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n sì gbé e jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, ara gbogbo ìlú bù máṣọ.

Ìgbà òtútù ni oṣù Kẹjọ ní Ọsirélíà. Àgùntàn náà kúrò nílé pẹ̀lú irun lára, ó wá wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn Kuwait àti Qatar láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá ti gbé Kánò àti Àbújá á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ooru Kánò ní oṣù Kẹrin le, ṣùgbọ́n ó gbẹ. Òógùn á gbẹ lára, ara á sì fúyẹ́ díẹ̀. Ooru Àbújá lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ní òru tí NEPA mú iná lọ, ni kò jẹ́ kéèyàn sùn, nítorí omi ti kún inú afẹ́fẹ́, òógùn ò ríbi gbẹ sí. Àgùntàn ò ní òógùn tó pọ̀ bíi tiwa. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Bí afẹ́fẹ́ bá ti rin gbingbin, mímí yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láti inú wá. Ẹ tún fi òórùn ìtọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹran kún un, nínú àjà tí wọ́n tò léra wọn, níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti ráyè wọlé dáadáa. Láti 2019 ni Ọsirélíà ti ń dá ọkọ̀ àgùntàn dúró ní àárín ọdún nítorí ooru yìí, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ kó dópin pátápátá sọ pé ìyẹn ò tó.

Ọkọ̀ náà tún ń rì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ẹran ni wọ́n kọ́kọ́ kàn fún ẹrù tàbí mọ́tò kí wọ́n tó tún wọn ṣe fún màálù nígbà tí wọ́n ti gbó. Ní 2015, ọkọ̀ Haidar dojú dé ní èbúté kan ní Bùràsílì pẹ̀lú nǹkan bíi 5,000 màálù. Ní 2019, ọkọ̀ Queen Hind tó kó àgùntàn 14,600 dojú dé létí òkun Rùmáníà. Èyí tó dun aráyé jù ni Gulf Livestock 1, tí ìjì gbé mì nítòsí Jàpáànù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020. Ó kó màálù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6,000 láti New Zealand. Èèyàn 43 ló wà nínú rẹ̀, méjì péré ló yè. New Zealand fòfin de kíkó ẹran ọ̀sìn lóòyẹ̀ gba orí òkun láti ìparí oṣù Kẹrin ọdún 2023. Ìlú Ọba náà ṣe òfin tirẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024.

Ṣé àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ gbà?

Rárá o. Àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà fi tírélà àti ọkọ̀ oko ṣe ìwọ́de lójú títì. Wọ́n ní bí oníbàárà kan bá kúrò lọ́jà, àwọn tó kù á máa fi owó tó wù wọ́n rà á, oko kéékèèké á sì kú. Ìjọba ní kí òfin náà má tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2028, ó sì kéde mílíọ̀nù 107 dọ́là ilẹ̀ wọn fún ìrànwọ́. Inú wọn ò dùn síbẹ̀.

Èmi ò rò pé ó yẹ kéèyàn fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn. Wọ́n ní bí Ọsirélíà ò bá tà á mọ́, Kuwait á ra tirẹ̀ níbòmíràn, níbi tí òfin ti lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sì ń rántí ọdún 2011, nígbà tí fídíò bí wọ́n ṣe ń pa màálù nípakúpa ní Indonéṣíà jáde, tí ìjọba dá gbogbo òwò náà dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2020, ilé ẹjọ́ dájọ́ pé ìfòfindè náà kò bá òfin mu. Ní New Zealand pẹ̀lú, ìjọba tó wọlé lẹ́yìn ìdìbò 2023 ṣèlérí pé àwọn á yí òfin ibẹ̀ padà.

Nàìjíríà ńkọ́: ṣé a ń kó màálù lọ sókè òkun?

A kì í kó o lọ. Ńṣe ni a ń kó o wọlé. Láti Niger, Chad àti Kamẹrúùnù ni ẹran ti ń wọ ọjà ẹnubodè wa, Illela ní Sókótó, Mai'adua ní Kàtsínà, Maigatari ní Jígáwá, Mubi ní Adamawa. Láti 1998 ni ECOWAS ti ní àdéhùn tó fàyè gba àwọn darandaran láti máa da ẹran kọjá ẹnubodè pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje ọdún 2023 tí Nàìjíríà sì ti ẹnubodè títí di oṣù Kẹta 2024, àwọn oníṣòwò ẹran wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ké. Ní 2025, kí Iléyá tó dé, ìjọba Niger fúnra rẹ̀ fòfin de kíkó ẹran jáde. Ẹni tó ra àgbò lọ́dún náà á rántí iye tó san.

Kí ló dé tí a ò lè kàn kó tiwa lọ sí Sàúdí? Àìsàn ni. Àìsàn ẹnu-àti-ẹsẹ̀, tó máa ń lé ròrò sí ẹnu àti pátákò màálù, ò tíì kúrò nílẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí kò sì ní in kì í gba ẹran láti ibi tó wà. Ẹ wo Sòmálíà. Sàúdí dá ẹran wọn dúró ní ọdún 2000 nítorí ibà Rift Valley, àìsàn ẹran kan tó lè ran èèyàn, ọdún 2009 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn padà. Ibi ìyàsọ́tọ̀, níbi tí wọ́n ti ń sé ẹran mọ́ tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọkọ̀, wà lára ohun tó mú òwò náà padà. Ní 2014, ẹran mílíọ̀nù márùn-ún ló kúrò ní Sòmálíà lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá. Ogun ò tíì tán níbẹ̀ nígbà náà o, síbẹ̀ wọ́n ṣe é.

Ohun tí ìjọba tiwa ń sọ jù ni ẹran pípa. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, JBS, ilé-iṣẹ́ ẹran ńlá láti Bùràsílì, tọwọ́ bọ ìwé àjọsọ pẹ̀lú Nàìjíríà fún ilé-iṣẹ́ mẹ́fà tí owó rẹ̀ tó bílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Ìwé àjọsọ ni mo pè é, kì í ṣe ilé tí wọ́n ti kọ́ tán.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dà á pọ̀. Awọ ni wọ́n ń wá lára kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, láti sè é di oògùn kan tí wọ́n ń pè ní ejiao ní Ṣáínà. Niger àti Burkina Faso ti fòfin dè é láti 2016, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà sì fẹnu kò ní oṣù Kejì ọdún 2024 pé kí wọ́n dá òwò awọ náà dúró. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í tètè bí bíi ti ewúrẹ́. Ẹni tí wọ́n bá jí tirẹ̀ pa ní abúlé Jígáwá, orí ìyàwó rẹ̀ ni omi àti igi ìdáná á padà sí.

Ẹran lóòyẹ̀ tiwa: tírélà Èkó

Ibí yìí ni mo ti ń wá bọ̀ láti òkè. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Àbújá sí Lọ́kọ́ja rí ti pàdé wọn: tírélà gíga, màálù nísàlẹ̀, àgbò lókè nígbà mìíràn, àwọn ọmọkùnrin méjì mẹ́ta tó jókòó sórí gbogbo rẹ̀ tàwọn ti ike omi. Wọ́n lè ti gbéra láti Maigatari tàbí Potiskum. Kara tó wà lẹ́bàá márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, Oko-Ọba ní Agége, tàbí Akínyẹlé n'Ìbàdàn ni wọ́n ń lọ. Láti Kánò nìkan dé Èkó, ó tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà.

Nínú ọkọ̀ yẹn, màálù tó bá rẹ̀, tó ṣubú, àwọn tó kù á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ọmọ tó wà lókè ni láti fa ìrù rẹ̀ kó lè dìde. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni omi àti koríko ò sí títí wọ́n á fi débẹ̀. Wọ́n sì máa ń dúró lójú ọ̀nà gan-an, àmọ́ kì í ṣe torí ẹran: ibi tí ọlọ́pàá dábùú ọ̀nà, ibi agbowó-orí ìjọba ìbílẹ̀, ibi tí táyà bẹ́. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí àwọn oníṣòwò màálù àti oúnjẹ láti Àríwá dáṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n dá tírélà dúró ní Jẹ́bà, orí ẹran tó wà nínú ọkọ̀ ni oòrùn ń pa, iye tí ẹran máa di l'Ékòó sì ni ìròyìn ń sọ.

Ẹ fi ohun márùn-ún ìtọ́jú ẹran tí mo kà lókè yẹn lé ọkọ̀ yìí lórí, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀kan á dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé àríyànjiyàn Ọsirélíà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Tiwọn wà lórí omi, tiwa ń gba Lọ́kọ́ja kọjá.

Kí ló dé tí a ò fi pa á ní Kánò, ká gbé ẹran wá?

Lórí ìwé, ó dára. Ọkọ̀ kan tó gbé ẹran pípa á gba ẹran màálù púpọ̀ ju tírélà kan tó kó wọn lóòyẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n iná ńkọ́? Ọkọ̀ olótùútù fẹ́ dísù lójú ọ̀nà, yàrá olótùútù fẹ́ dísù nílé, bí jẹnẹrétọ̀ bá sì kọ iṣẹ́ ní Mokwa, gbogbo ẹrù ti bàjẹ́.

Ohun kan tún wà tí ìṣirò òyìnbó kì í kà. Ẹran inú páálí ni wọ́n ń wò lọ́hùn-ún. Orí, ẹsẹ̀, ṣàkì, fùkù, ẹ̀dọ̀ àti awọ, ohun ẹ̀yìn ni wọ́n kà wọ́n sí. Lọ́dọ̀ alápatà Agége, ibẹ̀ gan-an ni èrè wà. Bí màálù bá kú sí Kánò, àwọn tó ń ṣe awọ fún bàtà níbẹ̀ á du awọ rẹ̀, òfin wa ò kúkú fàyè gbà kí wọ́n ta awọ tútù sókè òkun, pọ̀nmọ́ á sì wọ́n l'Ékòó. Oníbàárà náà ní tirẹ̀ láti sọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò fọkàn tán ẹran yìnyín. A fẹ́ rí ọjọ́ tí wọ́n pa á, Mùsùlùmí sì fẹ́ mọ ẹni tó pa á. Ẹni tó bá fẹ́ kí tírélà yìí dín kù, nǹkan wọ̀nyí ló máa kọ́kọ́ yanjú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú nìkan.

Báwo ni ìyà ẹran ṣe dé inú ọbẹ̀ mi?

Ṣúgà kan wà nínú iṣan ẹran tó wà ní ìsinmi. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á, ṣúgà yẹn á di kíkan díẹ̀, ìkan náà ló ń bá ẹran pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ẹran tó dúró gbagidi lórí tírélà ní ọjọ́ méjì, tí ẹ̀rù sì ń bà á, ti ná ṣúgà yẹn tán. Bí wọ́n bá pa á bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ẹran rẹ̀ á dúdú, á gan, á sì tètè rà.

Àìsàn náà tún ń bá ọkọ̀ rìn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí anthrax, àìsàn ẹran kan tó lè ran èèyàn, bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Gánà, ìjọba Nàìjíríà kìlọ̀ pé kí a yẹra fún pọ̀nmọ́ àti ẹran ìgbẹ́, àwọn èèyàn wa sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, wọ́n rí i nínú oko ẹran kan ní apá Suleja, ní ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná. Suleja yìí náà o, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́ ní Wuse.

Kí ni òfin àti ẹ̀sìn sọ?

Òfin wà. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Gúúsù, ní ìpín 495, ka lílu ẹran nílùkulù, dídà á ju agbára rẹ̀ lọ àti dídi ẹrù ju agbára lé e sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn 50 náírà, tàbí méjèèjì. Ẹ kà á dáadáa, 50 náírà. Kò ra pọ̀nmọ́ kan tó yẹ. Penal Code tí Àríwá àti Àbújá ń lò náà ka fífi ìyà jẹ ẹran ọ̀sìn sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ní ti ẹ̀sìn, kò sí ìjà níbẹ̀ bí àwọn kan ṣe ń sọ. Ànábì pàṣẹ pé kí ẹni tó fẹ́ dúńbú ẹran pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀, kó sì jẹ́ kí ara tu ẹran náà. Alùfáà ń sọ ọ́ fún wa lọ́dọọdún kí Iléyá tó dé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àgbò kó tó délé wa ni a kì í béèrè.

Bí a bá ń ta ẹran sókè òkun, ṣé ó máa wọ́n sí i?

Ó lè wọ́n, bí iye ẹran ò bá pọ̀ sí i. Màálù Bunaji, ìyẹn màálù funfun àwọn Fúlàní, tí wọ́n ń dà jẹ koríko lè tó ọdún mẹ́rin kó tó dàgbà tó fún ọjà, kò sì sí ìwé àjọsọ tó lè mú un yára. Oníbàárà tuntun tó ń fi dọ́là san owó á gba iwájú ẹni tó ń fi náírà san. Ohun tí Niger yẹra fún nìyẹn ní 2025 tó fi ti ẹnubodè rẹ̀ mọ́ wa: ó fẹ́ kí àgbò kù nílé fún àwọn èèyàn tirẹ̀ kí ọdún tó dé. Tí wọ́n bá tún kéde òwò ẹran tuntun fún wa, ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ wò ni bóyá ó sọ ibi tí màálù tuntun máa ti wá, ẹni tó máa gún un lábẹ́rẹ́, àti bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa fi wọ ọkọ̀ tàbí inú páálí.